Ẹ Nawọ́ Yín Sókè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Àbdùlsàlámì léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé, kò ní dárúkọ ejò, kò ní dárúkọ olè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dárúkọ ikú pàápàá. Ìbéèrè kan ni yóò dárúkọ. Àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè náà kò sì ní èrò burúkú lọ́kàn, wọ́n á kàn gbójú sókè láti ìdí tábìlì wọn, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

Nígbà kan rí, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ dé ẹnu. Ahunṣọ ni. Ọmọ Ìlọrin ni, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Kàdúná ló mú un wá nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kò pẹ́ tó dé tí kọ́ńpìnnì aṣọ ńlá kan fi gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Owó ibẹ̀ ló fi fẹ́ Zuwera, ẹnu iṣẹ́ náà ló wà tí wọ́n fi bí Humairah, ó sì gba yàrá méjì ní àdúgbò Mahuta nítorí pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ débi iṣẹ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà láàárọ̀ láyé ìgbà náà, ẹ ó rò pé òun ló ni kọ́ńpìnnì.

Ẹni tí kò bá wọ gbọ̀ngàn ìhunṣọ rí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo. Ẹ̀rọ rẹpẹtẹ ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, ohùn èèyàn kò sì wúlò fún ohunkóhun. Ọwọ́ àti ètè ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń juwọ́ bí òwú bá tán, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń jù ú bí ebi bá ń pa wọ́n, wọ́n tilẹ̀ ní èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá lójú ara rẹ̀ tí kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ ní apá kan gbọ̀ngàn náà. Apá kejì ń lo jẹnẹrétọ̀, ó sì ń pariwo lọ. Najeeb, ọ̀rẹ́ Àbdùlsàlámì, na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti fa òwú tó há síbẹ̀ yọ. Iná dé. Ẹni tó wà nídìí súìṣì kò rí Najeeb, ó tan ẹ̀rọ. Àbdùlsàlámì rí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó là gbàgà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ igbe kankan. Najeeb kò kú, ṣùgbọ́n apá kan ló gbé padà sílé. Igbe tí Àbdùlsàlámì kò gbọ́ yẹn, ó ń gbọ́ ọ lójú oorun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti dá òfin kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀gá kankan kò kọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹni tó wà nídìí súìṣì yóò gun àpótí, yóò na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ọwọ́ tí yóò fi tan ẹ̀rọ gan-an, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yóò kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á na tiwọn náà. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣẹ́kù, ẹ̀rọ kan kò ní yí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Àbdùlsàlámì ti gun àpótí yẹn. Kò kà á sí nǹkan kan. Bí ẹni ń wẹ ẹsẹ̀ kó tó kírun ni.

Ní ọdún 2007, wọ́n dé ẹnu géètì láàárọ̀, wọ́n bá ṣéènì níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì ti kógbá sílé. Àwọn kan bú sẹ́kún, àwọn kan ń bú ìjọba. Àbdùlsàlámì kàn di irin géètì mú ni, ó ń wo inú ọgbà, ó sì rí i pé ọwọ́ ọ̀tún òun ń gbọ̀n. Ó rò pé ebi ni. Ó délé, ó jẹun, ọwọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, inú àpò aṣọ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbé.

Ó gbìyànjú láti fi ọ̀kadà gbé èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní achaba lọ́hùn-ún. Èrò kan rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jó lórí bíréèkì, ó ní kó sọ òun kalẹ̀, òun á fẹsẹ̀ rìn. Ta ló máa dá ọkùnrin náà lẹ́bi? Àbdùlsàlámì dá ọ̀kadà padà fún ẹni tó ni ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Níbẹ̀ ni ìbéèrè yẹn ti ń dúró dè é. Iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Mo mọ aṣọ hun. Aṣọ kẹ̀? Gbogbo aṣọ ti di ti China, bàbá. Wọ́n á ní kó máa lọ ná, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, bó bá ti rí tábìlì tí ẹnì kan jókòó sí ìdí rẹ̀, òógùn á bò ó.

Ohun tó gbà gbọ́ ni pé gbogbo ohun tí òun mọ̀ láyé ti há sínú ọgbà tí wọ́n fi ṣéènì tì, àti pé òfìfo agolo lásán ló ń rìn kiri ìgboro. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Zuwera. Zuwera ti ń dárúkọ Ìlọrin nígbà náà. Ó ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n lọ máa gbé yàrá kan nínú agbo ilé bàbá ọkọ òun. Ẹ̀rù ìyẹn tún ba Àbdùlsàlámì ju ti tábìlì lọ. Humairah wà ní kíláàsì àṣekágbá, bí wọ́n bá kó o kúrò ní Kàdúná kó tó ṣe ìdánwò, ìwé ti parí fún un nìyẹn. Kí àgbà ọkùnrin padà wọ ìlú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kó máa retí ẹni tí yóò bù fún un, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹnì kan ní mọ́sálásí ló sọ fún un pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ níbì kan lẹ́yìn gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Obìnrin ló ni ibẹ̀, Hàjíà Hàúwà, obìnrin gíga kan tó máa ń wo èèyàn lójú tààrà. Hausa ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Kó tó jókòó dáadáa ni Hàjíà ti bi í.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ aṣọ hun, Hàjíà."

"Oúnjẹ adìyẹ là ń ṣe níbí. Adìyẹ kì í wọṣọ."

Àbdùlsàlámì ti ń dìde. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìde, ó ti ṣe é tó.

"Ẹ jókòó o," Hàjíà ní. "Mi ò béèrè ohun tí ẹ̀ ń ṣe jáde. Ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ni mò ń béèrè. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ nígbà yẹn, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ronú. "Mo máa ń bi ẹni tí mo fẹ́ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ló ṣe ṣe mọ́jú."

"Ta lẹ̀ ń béèrè bó ṣe ṣe mọ́jú? Ẹ̀rọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé bàjẹ́, Hàjíà. Ó máa ń kọ́kọ́ kùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń bọ̀, kó tó lọ sílé."

Hàjíà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àmọ́ oṣù mẹ́ta ni òun á fi wò ó. Bó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, kó má bínú. Àbdùlsàlámì dúpẹ́ títí ó fi dé ojú títì, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò.

Ẹ̀rọ méjì ló ṣe pàtàkì ní ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ ìlọ̀, èyí tó ń lọ àgbàdo, jẹnẹrétọ̀ ló ń lò. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní míksà, ìkòkò irin ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ, tí irin gbọọrọ ń yí nínú rẹ̀ tó ń po oúnjẹ pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé méjèèjì, nítorí náà iná NEPA ni wọ́n fi ń yí míksà, ẹ sì mọ bí iná NEPA ṣe rí. Bó bá dé, wọ́n á sáré lò ó kó tó tún lọ. Ìdí súìṣì míksà ni wọ́n fi Àbdùlsàlámì sí.

Ọ̀gá iṣẹ́ níbẹ̀ ń jẹ́ Àbáyọ̀mí, ọmọ Èkìtì, ó kéré sí Àbdùlsàlámì dáadáa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn bí bàbá náà ṣe máa ń sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé míksà ti kùn díẹ̀ lónìí, kí wọ́n fún un ní òróró. Ohun tí kò fẹ́ràn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ọjọ́ kìíní tí iná lọ tó sì dé, Àbdùlsàlámì gun kéèsì mínírà kan, ó nawọ́ sókè. Ọwọ́ òsì ló nà, nítorí pé ó ń fi ọ̀tún pamọ́. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó. Ó ṣàlàyé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́.

Ezra ló rẹ́rìn-ín jù. Géńdé ará Ungwan Boro ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Òun ló sọ Àbdùlsàlámì ní Baba Hannu Sama, ìyẹn Bàbá Ẹ-Nawọ́-Sókè. Ẹni tó bá ti gbé Kàdúná pẹ́ mọ irú àwọn tó máa ń ní kéèyàn nawọ́ sókè: ọlọ́pàá tàbí adigunjalè. Bí Àbdùlsàlámì bá ti ń wọlé láàárọ̀, Ezra á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Baba, ẹ má yìnbọn o!" Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́ta wò kì í bínú.

Lọ́jọ́ kan, Àbáyọ̀mí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àgbà ni yín. Ṣùgbọ́n iná tí à ń rí ò tó nǹkan, ká tó wá ojú gbogbo èèyàn ká tó rí ọwọ́ wọn, iná ti lọ. Àná ńkọ́? Ṣé ẹ rántí àná?"

"Mo rántí, ọ̀gá."

"Hàjíà ti ń sọ ọ́ pé òun á dín èèyàn kù. Ẹ̀yin lẹ dé kẹ́yìn. Ẹ fojú inú wò ó, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ? Ibí kì í ṣe kọ́ńpìnnì aṣọ, bàbá. Ẹ gbàgbé kọ́ńpìnnì aṣọ."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bóyá wọn ò ní ọmọ ní kíláàsì àṣekágbá nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Àbdùlsàlámì kò gun kéèsì mínírà mọ́. Bí iná bá dé, á sọ pé "Bismillahi", á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á tan ẹ̀rọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ á já, á sì máa retí nǹkan kan tí kò fẹ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà, á la ojú, á rí i pé míksà ń yí, pé gbogbo èèyàn ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Àbáyọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Àbdùlsàlámì kò lè jẹun ọ̀sán mọ́. Zuwera rò pé ibà ló ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ Àlàrùba yẹn dé.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú oúnjẹ jáde tán nínú míksà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni iná lọ. Ẹ̀rọ ìlọ̀ ń pariwo lọ ní tirẹ̀, èèyàn kò lè gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ. Àbdùlsàlámì jókòó sí ìdí súìṣì, ó ń retí. Nígbà tí gílóòbù pupa kékeré tó wà lókè súìṣì tàn, àyà rẹ̀ já bó ṣe máa ń já. Àbáyọ̀mí ń juwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó ń yí ìka rẹ̀ po: ẹ tan án, ẹ tan án.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé súìṣì. Ó sọ pé "Bismillahi". Ó dijú.

Ó rí ẹnu Najeeb. Ó là gbàgà bó ṣe là lọ́jọ́ kìíní, kò sì sí igbe. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé irin súìṣì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ó ní kí ọwọ́ náà fa súìṣì wálẹ̀, ọwọ́ náà kọ̀. Ó la ojú. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn ló rí, kò rí ọwọ́ ẹnì kankan, ó wá mọ̀ pé òun kò lè ṣe é mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé òun, bí wọ́n tilẹ̀ máa kó òun àti ẹrù òun sínú mọ́tò Ìlọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ó fa kéèsì mínírà wá, ó gun orí rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì.

Àbáyọ̀mí gbá orí ara rẹ̀ mú. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ti rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n nawọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tilẹ̀ na méjèèjì, ó ń jó. Àbdùlsàlámì wò wọ́n láti apá kan dé èkejì. Kò rí ọwọ́ Ezra.

Àbáyọ̀mí ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sún ẹnu mọ́ ọn létí kó tó lè gbọ́. "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ tan ẹ̀rọ!"

"Ezra dà?"

"Ó ti lọ ra àkàrà níta! Ẹ tan án!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pè é kó wá nawọ́."

"Ẹ kúrò níbẹ̀."

"Mi ò kúrò, ọ̀gá."

Kò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kéèsì, ó fi ẹ̀yìn ti súìṣì, omi ojú sì ń bọ̀ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sunkún. Àbáyọ̀mí na ọwọ́ kọjá lórí èjìká rẹ̀. Àbdùlsàlámì gbọ́ tí àwọn ìka náà kan irin.

"Ẹ lé mi," ó ní. "Ẹ lé mi lónìí yìí, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ Ezra ná. Ẹ gba t'Ọlọ́run rò."

Ọwọ́ kan yọ lẹ́nu míksà.

Ó funfun fún ìyẹ̀fun àgbàdo títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó di etí irin náà mú. Lẹ́yìn náà ni orí Ezra yọ, ó ń sín, ó mú ṣọ́bìrì kékeré dání, èyí tó fi ń ha oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ pé iná ti dé. Ó wò yíká, ó rí gbogbo wọn tí wọ́n nawọ́ sókè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì na tirẹ̀ náà.

Ẹnikẹ́ni kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Àbáyọ̀mí yọ̀ kúrò lórí súìṣì, ó jókòó sórí àpò sóyà kan, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ezra wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo gílóòbù pupa tó ń tàn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Àbdùlsàlámì jáde sẹ́yìn ilé, ó bì. Kì í ṣe ti Ezra nìkan ló ń dẹ́rù bà á nísinsìnyí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń dẹ́rù bà á, gbogbo ìgbà tó dijú.

Nígbà tó délé, Zuwera ò tíì kí i káàbọ̀ tán tó ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. "Bàbá Humairah, ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Wọn ò lé mi. Èmi ni mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́yìn ìrun Màgárìbì, kò fi ọ̀kan pamọ́. "Ọ̀sẹ̀ kan, Zuwera. Mò ń dijú, mò ń tan ẹ̀rọ. Mi ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nítorí kí wọ́n má lé mi."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ ti há sínú ọgbà kọ́ńpìnnì aṣọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá gba ọkọ ọlọ́mọ là lónìí? Ṣé aṣọ ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," Àbdùlsàlámì ní.

"Kó máa bà yín. Ẹni tí ẹ̀rù ò bá bà, kí wọ́n má jẹ́ kó dé ìdí súìṣì." Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ rẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Zuwera mú Àbdùlsàlámì padà sẹ́nu iṣẹ́. Hàjíà Hàúwà ti jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Àbáyọ̀mí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé kò sùn. Àbdùlsàlámì rí tábìlì, òógùn bò ó.

Àbáyọ̀mí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ọwọ́ mi ló wà lára súìṣì yẹn."

"Lọ́jọ́ tí ẹ dé," Hàjíà ní, "mo bi yín ní ohun tí ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ ò sọ eléyìí fún mi."

"Mi ò mọ̀ pé ó wà lára iṣẹ́, Hàjíà. Mo rò pé àṣà ibẹ̀ lásán ni."

"Kí ni ẹ tún kó bọ̀ láti ibẹ̀ tí ẹ ò tíì sọ?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń wo èjìká èèyàn láti mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣe àṣìṣe. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tuntun, pé ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn máa ń dúró sí, kì í ṣe iwájú, kó má baà máa wo ojú ẹni dípò iṣẹ́. Ó sọ pé ẹni méjì tó bá ń jà kì í jọ ṣe ẹ̀rọ kan náà títí wọ́n á fi parí ìjà, nítorí pé ẹni tó ń bínú kì í wo ẹnì kejì. Ó ń sọ ọ́, ẹnu sì ń ya òun fúnra rẹ̀. Àbáyọ̀mí ń gbọ́, ó ń mi orí.

"Ẹ̀yin lẹ ó máa kọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé síbí," Hàjíà ní. "Ti oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ti di tiyín."

Àbdùlsàlámì rò pé bí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù máa fi òun sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ jókòó sí ìdí súìṣì. Inú àpò ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

Lọ́sàn-án, iná lọ. Nígbà tí gílóòbù pupa tún tàn, ó gun kéèsì mínírà. Kò tíì na ọwọ́ kankan tó fi rí i pé gbogbo wọn ti kúrò nídìí iṣẹ́, wọ́n ti na tiwọn. Àbáyọ̀mí na tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò jó. Àbdùlsàlámì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá Ezra, ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n pé. Ó na ọwọ́ òsì láti fi dá wọn lóhùn.

Ezra mi orí. Ó tọ́ka sí àpò aṣọ Àbdùlsàlámì. "Baba, naka fa?" ó ní. Ẹ̀rọ ìlọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ahunṣọ ka ètè rẹ̀: tiyín ńkọ́, bàbá, ọwọ́ tí ẹ máa fi tan án?

Àbdùlsàlámì yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò. Ó nà án sókè, ó sì ń gbọ̀n lójú gbogbo wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.